Ẹ̀rí tí aṣọ funfun kò lè jẹ́

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Alágbàfọ̀ ni mí ní ìlú Oǹdó. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń fọṣọ, tí mo sì ń lọṣọ fún ará ìlú. Aṣọ funfun ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi: sùtánà àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun, yúnífọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì, gínnísì tí àwọn àgbààgbà ń wọ̀ lọ sóde, àti aṣọ tábìlì àwọn tó ń gbọ́únjẹ fún aláriyá. Ẹni tó bá ń sá aṣọ funfun síta lójoojúmọ́, bó fẹ́ bó kọ̀, yóò mọ ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ àdúgbò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí ni mo bá wá.

Eruku ọyẹ́ máa ń rí bí ẹ̀lùbọ́. Bó bá bà sára aṣọ, kí èèyàn gbọn aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti bọ́ nìyẹn. Tèéfín kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní epo lára. Wínníwínní dúdú ló máa ń bà lé aṣọ, bí èèyàn bá sì ṣèèṣì fi ìka nù ún, yóò fà gbọọrọ bí èédú tí ọmọdé fi kọ ara ògiri, aṣọ náà kò ní í mọ́ bó ṣe yẹ mọ́. Mo ti sanwó sùtánà méjì rí nítorí irú rẹ̀. Ohun tí mo wá ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án rárá: kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n da omi tútù lé e títí omi yóò fi máa ṣàn mọ́, kí wọ́n tó wá ọṣẹ.

Èéfín ọ̀hún kò jìnnà sí wa. Sọ́mìlì kan wà lẹ́yìn ilé wa. Iṣẹ́ wọn dára, pákó tí mo fi kan ṣọ́ọ̀bù mi gan-an, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rà á, méjì nínú àwọn tó ń lagi níbẹ̀ sì jẹ́ oníbàárà mi. Ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n bá rí lóòjọ́ ni wọ́n ń kó jọ bí òkè, tí wọ́n á sì tiná bọ̀ ọ́. Iná náà kì í jó lala kó tán. Abẹ́ ló ti ń jó. Òjò lè pa orí rẹ̀ kí inú rẹ̀ ṣì máa rú èéfín fún odidi ọ̀sẹ̀. Alẹ́ ló sì máa ń burú jù, nítorí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ púpọ̀ lóru, òtútù ilẹ̀ á dì í mọ́lẹ̀, kò ní í rọ́nà gòkè lọ.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ásímà ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lálẹ́ tí èéfín bá ti wálẹ̀ báyìí, àyà rẹ̀ á máa súfèé bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń jò lẹ́nu bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ àgbà á gbé e jókòó sórí ibùsùn, á fi ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ búlúù yẹn sí i lẹ́nu, á fín in, àwa méjèèjì á wá jókòó tì í, a ó máa ka èémí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tí kò bá ṣe irú àìsùn yìí rí lè rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ló gbé mi dé iwájú yín.

Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, mo ká sùtánà méjì sínú àpò, mo gba ọ́fíìsì ìjọba kan lọ. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí mi ò wá bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn kí mi dáadáa, ó fún mi ní àga. Mo tẹ́ sùtánà sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó wò ó síwá-sẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ọyẹ́ náà lè ṣe báyìí.” Mo ní, “Ọ̀gá, inú òjò la wà yìí.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Bàbá, ẹ gbọ́, a ò lè tìtorí aṣọ kọ̀wé sí oníṣẹ́ èèyàn. Mélòó ni èéfín yẹn? Ẹ mú iye wá.”

Mo bínú débi pé mo gbàgbé àpò mi sọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ mú un, mo bi í pé níbo ni mo ti lè rí iye ọ̀hún. Ó ní òun náà kò mọ̀, àwọn kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ojú rẹ̀ kò dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bínú sí ọmọ yẹn mọ́.

Ọlọ́run ló ṣe é tí ọmọbìnrin oníbàárà mi kan, tó ń kàwé ní yunifásítì ní Akúrẹ́, wálé lóṣù kẹjọ. Nígbà tí ó gbọ́ ẹjọ́ tí mo ń rò fún ìyá rẹ̀, ó ní, “Bàbá, mo ní ẹ̀rọ tó lè ka èéfín yẹn.” Mo rò pé mọ́tò ni yóò fi kó o wá. Ohun tó mú jáde nínú báàgì rẹ̀ kò ju páálí ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Ó ṣí i fún mi wò. Fáànù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń tàn kọjá níwájú afẹ́fẹ́ náà, ojú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ka bí eruku ṣe ń gba iná yẹn tó ń tàn án ká. Ẹ rántí bí oòrùn ṣe máa ń gba ihò pánù wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, tí eruku á máa jó nínú ìtànṣán náà, bẹ́ẹ̀ sì ni a kì í rí i níbòmíràn nínú yàrá ọ̀hún. Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn, àfi pé òun mọ iye kà.

Mo kan ìṣó mọ́ òpó okùn aṣọ mi, ní ìwọ̀n ibi tí imú èèyàn tó bá dúró yóò wà, a gbé ẹ̀rọ náà kọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lọ́dọ̀ mi. Mo ra ìwé nóòtù kan, mo ń kọ ohun tó bá kà sínú rẹ̀ ní ìdájí, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́, àti nígbàkígbà tí ọmọ ọmọ mi bá jí wa lóru.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n là yé mi, nítorí èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Eruku tó ń pa èèyàn jù kì í ṣe èyí tí à ń rí lára aṣọ. Èyí tí à ń rí yẹn tóbi, irun imú máa ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀, ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kó ìyókù. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5 kéré débi pé irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30. Ó ń kọjá imú, ó ń kọjá ọ̀nà ọ̀fun, ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn nínú rẹ̀ á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kà á mọ́ ohun tó ń fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, kì í ṣe ikọ́ nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2021 pé bí a bá ro ti wákàtí 24 pọ̀ tí a pín in, kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú afẹ́fẹ́ tó lè kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ti odidi ọdún, 5 péré. Máíkírógíráàmù kan, ká pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni.

Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ náà ka 18. Lóru ọjọ́ kẹta, nígbà tí àyà ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, mo gbé tọ́ọ̀ṣì jáde lọ wò ó: 164. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, mo ń wo iye yẹn. Ọdún 19, n kò rí ẹni bá mi jẹ́rìí rí, ẹ̀rọ kékeré kan ló wá jẹ́ ẹ ní ìṣẹ́jú kan.

Mi ò ní í fi apá kan pamọ́ fún yín. Nígbà tí iná ọba lọ, mo mú áyọ́ọ̀nù eléèédú jáde bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ń fẹ́ ẹ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin tó ni ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ó gbé e wọlé, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó kọjá 200 kí n tó lọ sókòtò kan tán. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn yí ojú ẹ̀rọ sí mi. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ọmọ ọmọ mi ti máa ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Ìta, lábẹ́ igi ọsàn, ni mo ti ń fẹ́ èédú báyìí, ọmọ kì í sì í jókòó síbẹ̀ mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà sọ pé èéfín ìdáná inú ilé pa èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé lọ́dún 2020. Nítorí náà, kì í ṣe sọ́mìlì nìkan ni mo ń bá wí.

Ẹ̀rọ náà ní àbùkù tirẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, èéfín kò sí, iná kò sí, ó ṣàdédé fò sókè. Mo ké pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù. Ó ní, “Bàbá, ìkúukùu ńkọ́?” Mo wojú òde, ìkúukùu bo gbogbo ilé. Ó ní ẹ̀rọ pọ́ọ́kú yìí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀kán omi kíkéékèèké àti eruku, pàápàá níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀ bíi ti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá tó mọ̀ ọ́n kà dáadáa fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wo iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kà, wọ́n á wá fi ìyàtọ̀ àárín wọn tún ti kékeré ṣe. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé iye ìṣẹ́jú kan kọ́ la fi ń dá ẹjọ́. Nítorí náà, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi 164 mi gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù.

Ṣùgbọ́n mo gbé ìwé nóòtù mi lọ bá alága sọ́mìlì, a jókòó sórí gẹdú, mo kà á fún un lọ́jọ́ lọ́jọ́. Kò bá mi jà. Ó ní, “Bàbá, a ò mọ̀ pé ó ń wọlé tọ̀ yín tó báyìí.” Ó pe àwọn tó ń sin adìyẹ kí wọ́n wá kó lẹ́búlẹ́bú pákó lọ fi tẹ́ ilé adìyẹ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a kò rí èéfín. Ọmọ sùn. Aṣọ mọ́. Nígbà tó yá, àwọn tó ń kó o dín wíwá kù, òkè tún ga, wọ́n tún sọná sí i. Mo padà lọ bá alága, ó ní èéfín ti ìsinsìnyí kò tó ti tẹ́lẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn? Ẹ̀rọ ti bá ẹni tó ni ín lọ sí Akúrẹ́. Ó tún wá ku èmi àti sùtánà.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí, òun náà ni mo fẹ́ kí ìwé ìròyìn yín bá wa gbé dé etí àwọn tó ń ṣe ìjọba. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kò tó. Ẹ̀rọ àyálò kò tó. Ìlú gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń kà á tọ̀sán-tòru, kí àkọsílẹ̀ wà.

Ẹ wo ohun tí àkọsílẹ̀ ṣe fún ìyá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ásímà ló pa á ní oṣù kejì ọdún 2013. Ẹ̀bá títì tí mọ́tò ti ń rọ́ gììrì ni ilé wọn wà. Ìyá yẹn kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ ọ́ gbangba pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí wà lára ohun tó pa ọmọ náà. Bí wọ́n ṣe rí i sọ ni pé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ti wà ládùúgbò wọn láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà láàyè, ó sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ tiwa ni, kí ni ìyá rẹ̀ ìbá gbé lọ síwájú adájọ́?

Ìlú òyìnbó nìkan kọ́ ni èyí wà fún. Ní Kampala, ní Uganda, láti ọdún 2015 ni àwọn ará Yunifásítì Makerere ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú ẹ̀rọ yìí, AirQo ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Wọ́n ń so ó mọ́ ara ilé, wọ́n ń so ó mọ́ ọ̀kadà pàápàá, kó lè ka òpópónà bí ọlọ́kadà ti ń gbé èrò lọ. Ọmọ adúláwọ̀ bíi tiwa ni wọ́n, iná ọba wọn náà máa ń ṣe ségesège, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo sólà. Àwọn kan lè sọ pé kí a dúró de òyìnbó. Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sórí ọ́fíìsì aṣojú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn ará Beijing tiẹ̀ fi èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn mọ ohun tí wọ́n ń mí láti ọdún 2008. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Amẹ́ríkà ní owó ti dín kù, wọ́n dá gbígbé iye rẹ̀ jáde dúró. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ni ọjọ́ tí yóò pa á.

Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní ìpínlẹ̀ wa. Mo bẹ ìjọba, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí òrùlé ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn tó wà láàárín ìlú, pẹ̀lú sólà àti bátìrì tirẹ̀. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá kan péré sí Akúrẹ́, tí wọ́n á máa fi tún àwọn kékeré ṣe, nítorí ìkúukùu tí mo sọ yẹn. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Akúrẹ́, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ojú ọjọ́, kí wọ́n gbé e fún wọn bójú tó. Níhìn-ín ní Oǹdó, a ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, àwọn lè fi iye ọ̀hún wé iye ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sílé ìwòsàn nítorí èémí. Kí rédíò máa kà á lẹ́yìn ìròyìn lédè Yorùbá bí wọ́n ṣe ń sọ bóyá òjò yóò rọ̀. Bí mo bá gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ pé kò dára, mo mọ̀ pé màá ti fèrèsé, n kò sì ní í sá sùtánà síta.

Kí wọ́n má fi mọ sí Akúrẹ́ àti Oǹdó. Bọ́lọ́rundúró tí mo ti ń gba aṣọ, Ìdànrè, Òwénà, àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn abúlé tí àwọn ìyá ti ń yan gàrí láti òwúrọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn: ibẹ̀ gan-an ni kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n. Èéfín agbada gàrí kan lè ju ti títì lọ fún ẹni tó tẹ̀ba lé e lórí.

Àwọn ará Port Harcourt ti ń ké láti òpin ọdún 2016 pé eruku èéfín dúdú ń bọ́ láti òfuurufú. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn àti aṣọ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń nà sókè fún ayé wò, bí èmi náà ṣe tẹ́ sùtánà sórí tábìlì. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NESREA sílẹ̀ lọ́dún 2007 kó máa mú òfin àyíká ṣẹ, ìwé òfin kò sì tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni wọ́n á bi ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá: mélòó?

Sí alága sọ́mìlì, bí wọ́n bá ka ìwé yìí fún yín: ẹ má rò pé ọ̀tá yín ni mo jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti ibi iṣẹ́ yín pa. Mo gbọ́ pé àwọn tó ń gbin olú ń wá lẹ́búlẹ́bú pákó kiri, mo ti ní kí ọmọbìnrin yẹn bá mi bèèrè nọ́ńbà wọn ní Akúrẹ́, bó bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, màá gbé e wá fún yín fúnra mi.

Ìṣó tí mo kàn ṣì wà lára òpó okùn aṣọ mi, ní ìwọ̀n imú. N kò yọ ọ́. Bí ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì kan bá ń wá ibi tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ kọ́ lágbègbè wa, kí wọ́n wá lò ó, n kò ní í gba kọ́bọ̀. Èmi àti ìyàwó mi á máa ṣọ́ ọ. A kì í sùn lálẹ́ tí èéfín bá wà tẹ́lẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Bàbá Alágbàfọ̀,
Oǹdó.